Obìnrin Tí Kò Ní Ẹnu Nínú Àwòrán Àǹtí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, àyà mi ń já. Láti àná ni mo ti ń sá fún fóònù mi. Bí fóònù bá dún báyìí, ọkàn mi á sọ pé ọ́fíìsì iṣẹ́ mi ni, pé wọ́n ti gbọ́. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí fisa mi tó so mọ́ iṣẹ́ náà? Níbo ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ, àwọn tí Wythenshawe, ní Manchester níbí, ti di ilé wọn?

Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Màmá kan wà lára wọn ní àdúgbò Openshaw, ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n, lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọkọ wọn ló mú wọn wá sí Manchester. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Àǹtí, pé bí àwọn ṣe ń pe àgbà nílé nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Àǹtí máa ń ya àwòrán. Àmì róbótó kéékèèké ni wọ́n fi ń kún inú rẹ̀, pupa, funfun, yẹ́lò, wọ́n á wá ya àwọn akọni inú sinimá sáàárín rẹ̀: èyí tó ń fò, èyí tó bo ojú, gbogbo wọn á tò sórí ìlà nídìí kànga kan nínú aginjù, alángbá ńlá kan á sì máa darí wọn bí ọlọ́pàá! Àǹtí ní láti kékeré làwọn ti ń wo àwọn akọni tó ń gba ayé là, kò sí èyí tó wá gba àwọn là. "Jẹ́ kí wọ́n tò," wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, "kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀."

Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí obìnrin kan nídìí kànga náà. Aṣọ iṣẹ́ mi ló wọ̀. Irun mi ló dì. Kò ní ẹnu! Mo sáré pe Màmá Ṣẹ́gun, ìyá àdúrà ìjọ wa.

"Sister, wọ́n ti ti ẹnu ẹ pa nìyẹn," ni wọ́n wí. "Àwọn dot yẹn kì í ṣe lásán o. Fi òróró àdúrà pa obìnrin yẹn lójú, now now!"

Lọ́sàn-án àná, bí Àǹtí ṣe sùn lọ lórí àga, mo bu òróró àdúrà sọ́wọ́, mo fi ń pa ojú obìnrin inú àwòrán náà, mò ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Yéè! Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ. Ojú, irun, àmì, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ lábẹ́ ìka mi bí ẹrẹ̀. Mo wá aṣọ, mo fi bò ó.

Nígbà tí Àǹtí jí, mo ní torí eruku ni mo ṣe bò ó. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o ti rí ara rẹ níbẹ̀? Ìwọ nìkan ni kò ní tò. Mi ò tíì ya ẹnu rẹ, mo fẹ́ kí o fúnra rẹ sọ ohun tí wàá wí fún àwọn akọni yẹn. Lọ rò ó, ọmọ mi. Bí o bá dé lọ́la, kí o sọ fún mi."

Ọ̀la náà ti di òní. Àwọn tó fẹ́ gbé àwòrán náà lọ síbi ìpàtẹ àwòrán lónìí ti ń múra. Bí mo bá jẹ́wọ́, Àǹtí lè pe ọ́fíìsì. Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa ká aṣọ yẹn kúrò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì Openshaw báyìí. Mò ń gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ tí màá sọ kọ́ra, ẹnu mi kọ̀, kò ṣí. Àǹtí kọ́ ló sì tì í.