Ọwọ́ Houlératou Ò Burú

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Soulé, pe Houlératou ìyàwó àbúrò mi wọlé, kó fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ lórí iná. Ó ti rẹ̀ mí. Àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n bá yín jẹ iṣu tuntun, ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú mi tí n kò lè gbé wọ sàréè.

Gbogbo ìlú Lougba ló gbà pé ọwọ́ Houlératou ò dáa fún ohun ọ̀gbìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ẹ bá fún un ní èso kan pé kó rì í mọ́lẹ̀, á ní kí ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Irọ́ ni. Èmi Imorou ni mo pa igi rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Ilyas àbúrò mi, obìnrin yìí lọ kọ́ iṣẹ́ oko kan ní Savalou, oko ohun tí à ń gbìn lẹ́ẹ̀kan tí a ó máa jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dé, ó ní òun fẹ́ gbin ọsàn, píà, gbèrèfúùtù àti ẹ̀wà òtílí sí oko etí odò, kí àwọn ọmọ òun má baà máa wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ bó ṣe rí níbí: ẹni tó gbin iṣu, iṣu nìkan ló ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gbin igi ti gba ilẹ̀. Bàbá wa kò pín oko yẹn kó tó kú, ojú mi sì ti wà lára rẹ̀, mo fẹ́ fi ṣe oko kajú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún opó, lójú ayé, pé kó má gbin igi sí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀? Mo ní kó gbìn ín. Mo tilẹ̀ bá a gbẹ́ kòtò. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ló yè. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Savalou, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun máa bomi sí wọn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Rakia ìyàwó mi, kí Ọlọ́run dárí jì í, ló bá mi gbé omi kaná ní ahéré. Mo ní ikán ni mo fẹ́ pa. Ó wò mí títí, ó ní kí n má dárúkọ òun sí i. Omi yẹn ń hó nígbà tí mo dà á sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò fo òtílí pàápàá.

Houlératou dé, ó bá gbogbo ewé nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Ó ní, "Bàbá Soulé, ọwọ́ mi ni. Ọkọ mi kú mọ́ mi lọ́wọ́, igi náà tún kú mọ́ mi lọ́wọ́." Ibẹ̀ ló burú jù. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Nígbà tí òjò dé, mo gbin kajú síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bá mi ṣa kajú lórí ilẹ̀ bàbá wọn, òun sì ni ó ń po ẹ̀kọ fún mi báyìí.

Houlératou, foríjì mí. Ọwọ́ rẹ ò burú, kò burú rí. Soulé, ẹ gé kajú yẹn. Ẹ wá ọsàn kan lọ́la, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín síbẹ̀ lójú àwọn àgbà, kí oko di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí Houlératou sọ̀rọ̀. Kí ló wí, Soulé?

"Bàbá, ó ní ta ni yóò máa bomi sí i."