Páwà Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Ẹ fi ìrọ̀rí kan kún èyí tó wà lẹ́yìn mi kí n lè rí ojú yín dáadáa, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ nígbà tó bá ń wo àjà. Dókítà pe ìyá àwọn ọmọ mi sí kọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, ó rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ọkàn mi ti rẹ̀, kò ní bá mi jìnnà mọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀ lọ, ìwọ àbúrò mi lo máa máa ru ẹ̀bi mi kiri títí wọ́n á fi sin ìwọ náà. Ìwọ ọmọ Tíṣà, mo ní kí wọ́n pè ọ́ nítorí pé èmi ni mo pa bàbá rẹ. Jọ̀ọ́, má dìde. Gbọ́ ọ tán ná, lẹ́yìn náà kó o ṣe mí bó o bá ṣe fẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe jẹun. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ kò sì ju ìkọjá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́yìn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa ìyàwó rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ló fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ló ti rí kọ̀ǹpútà mi kan ní igun ògiri tó ń dá ṣiṣẹ́, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ó bi mí léèrè ohun tó ń ṣe. Mo sọ fún un pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń wá oògùn sí àwọn àrùn tí apá ò ká. Ìṣirò wọn pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè ṣe lọ, ni wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí ìntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà àwọn tó bá yọ̀ǹda, káàkiri ayé. Kálukú á ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, á dá a padà. Tíṣà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Àìsàn tó pa ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ń wá tirẹ̀ náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi kọ́ ọ̀kan. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a ó dọ́gbọ́n sí i."

Mi ò rò pé mo tún gbádùn ọ̀sán kankan láyé mi tó bí àwọn ọ̀sán tá a fi ń ṣa ẹ̀yà ẹ̀rọ yẹn. A lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. A rí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan. Kò yára jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, káàdì àwòrán, torí pé òun gan-an ló ń ṣe ìṣirò ọ̀hún kíákíá, ọwọ́ ẹnì kan tó ti ń fi í ṣe géèmù la ti rà á. Mo tú u, mo fọn eruku rẹ̀ dànù. A ní kò sídìí fún ojú kọ̀ǹpútà ńlá, kò sídìí fún àyè ìfipamọ́ ńlá nínú rẹ̀. Páálí onírin tá a rí láti kó gbogbo rẹ̀ sí ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tíṣà ní, "Kò burú, a kò fẹ́ fi í fẹ́yàwó." Ẹnu èmi yìí, ẹnu mi gan-an, ló sọ fún un pé, "Gbogbo ibi la lè ti ṣọ́wó ná, àyàfi páwà. Òun ló ń gba iná ògiri, tó ń pín in fún gbogbo ara ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà máa ń sinmi. Eléyìí ò ní sinmi. Tọ̀sán tòru lá máa fa iná bí ọmọ tó ń fa ọmú. Páwà tí ò dáa á gbóná títí á fi gbiná." Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Tuntun tó dáa ló rà, nínú páálí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ó gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún ní ojú ìwé kan tí wọ́n ń to orúkọ àwọn olùyọ̀ǹda sí, ẹni tó ṣe púpọ̀ lókè, ẹni tó ṣe díẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tí mo wà, èmi ni mo wà lókè. Àwọn tí ò rí mi rí á máa kí mi, wọ́n á ní ọ̀gá ni mí. Ta ló ń pè mí lọ́gàá níbòmíràn? Àwọn oníbàárà ń wá bú mi ni. Nígbà tá a ra káàdì yẹn tán ni mo tó mọ̀ pé ó lágbára ju tèmi lọ, àti pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi wá a fún un. Páwà ẹ̀rọ tèmi sì ti ń ṣe ségesège, ó máa ń kú lójijì. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ to ẹ̀rọ Tíṣà pọ̀, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé páwà tuntun rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tèmi. Mo lọ yọ ògbólógbòó kan nínú àwọn àkúfọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, mo gbé e sínú tirẹ̀. Mo wá rọra ṣí lébẹ́ẹ̀lì ara tuntun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògbólógbòó lára. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe kì í lẹ lébẹ́ẹ̀lì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àbúrò mi, iṣẹ́ iná mànàmáná lò ń ṣe nígbà yẹn, ìwọ ni Tíṣà gbà láti fa wáyà sí yàrá ilé rẹ̀ tá a gbé ẹ̀rọ náà sí. Wáyà tó nípọn, tó dá dúró, tó ní fíúsì tirẹ̀. Mo dúró tì ọ́ nígbà tó ò ń ṣe é. Mi ò rí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, inú mi sì dùn nígbà yẹn pé ọmọ ìyá mi ni ọ́.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àràárọ̀ ni Tíṣà ń sọdá wá bá mi, á ní, "Wọ́n ti gba iṣẹ́ mi o!" bí ọmọ tó yege ìdánwò. Kò pẹ́ tó fi kọjá mi lójú ìwé yẹn, pẹ̀lú páwà jákujàku. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá ti di ọmọ iṣẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, nǹkan kan ń rùn lára ẹ̀rọ yìí, bí ìgbà tí ike bá ń yọ́." Ìwọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, o gbé téèpù tó o fi ń wọnṣọ kọ́ ọrùn. O sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá tú u wò." Mo ní, "Eruku ni. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, òórùn náà á lọ." Bí mo bá tú u níwájú yín, ẹ máa rí i pé páwà inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Ìtìjú ni mo sá fún, mo wá fi iná sílẹ̀ fún yín.

Iná náà ṣẹ́ yọ lọ́sàn-án, nígbà tí ìwọ ọmọ Tíṣà lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Tíṣà rí èéfín, ó wọlé lọ láti fa orí wáyà ẹ̀rọ náà yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó sì fà á yọ. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn aládùúgbò wọ́ ọ jáde. Ṣùgbọ́n ó ti fa èéfín burúkú sínú. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni tó wá yẹ yàrá wò, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ohun tó ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó kọ̀, èmi ṣáà lọ̀rẹ́. Mo yọ páwà tó jóná, mo fi ẹ̀wù mi wé e, mo lọ jù ú sínú kànga tí wọn kì í fa omi rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè, mo ní wáyà inú ògiri ni.

Mo lọ kí Tíṣà. Èémí rẹ̀ ń súfèé. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ wa ni?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Rárá o, wáyà ni." Ó wá ní, "Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fìyà jẹ àbúrò rẹ. Kò mọ̀ọ́mọ̀." Nígbà tí mo máa fi padà wá, wọ́n ti káṣọ bò ó. Ẹni tí ò ṣẹ̀ ẹ́ ló fi èémí tó kù dárí jì, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ òtítọ́ ni mo sọ.

Bóyá ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Àbúrò mi, wọ́n sọ ọ́ ní Sunlé-sunlé, kò sẹ́ni tó tún pè ọ́ síṣẹ́. O padà lọ sí yàrá yẹn, o fi ẹ̀sọ̀ gbẹ́ ògiri, o fa gbogbo wáyà jáde, o kó wọn wá sórí tábìlì mi. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wò ó títí, mi ò rí i. Ẹ bá mi fi ojú tiyín wò ó. Bí mo bá mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe, màá lè sùn." Wáyà náà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àyàfi ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná ẹ̀rọ ti lá láti ìta. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí. Mo gbé e mì. Mo fọwọ́ sí ojú ìsopọ̀ kan, mo ní, "Ibí nìyí. O ò dì í le." O ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rántí pé mo dì í." Mo ní, "O rò pé o dì í ni." O wò ó, o tún wò ó. O wá kúnlẹ̀ fún mi, o ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ò fi òtítọ́ pa mọ́ fún mi." Ọ̀sẹ̀ yẹn lo kó ẹ̀mú àti àwọn irinṣẹ́ rẹ yòókù fún ẹlòmíràn, ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí lo ti ń ṣe ọdẹ títí dòní. Ìyàwó rẹ sọ fún tèmi pé o kì í lè jáde nílé láìfọwọ́ kan gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Èmi ni mo fi ẹ̀rù yẹn sí ọ lára. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, wọ́n ní; tèmi wà lódidi, tìrẹ ni mo gé.

Wáyà rẹ dára. O dì í le. Jẹ́ kí n tún un sọ kí ìyá àwọn ọmọ mi lè jẹ́rìí: o dì í le.

Ẹ̀yin ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu wọn, ẹ má rò pé ènìyàn burúkú máa ń mọ̀ pé òun burú. Ọ̀rẹ́ mi ni Tíṣà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìlara kékeré tí mò ń fi ẹ̀rín bò ni mo fi pa á. Irọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa rò pé ẹ̀ ń pa fún ẹlòmíràn. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e, inú wọn lẹ ó máa gbé.

Ọmọ Tíṣà, bó o bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, pè wọ́n, mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má dí ọ lọ́nà. Lọ sọ ọ́ lójú pópó, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àbúrò mi. Ní ti ìdáríjì, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá máa ṣòro fún yín lónìí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí mi ò bá ní gbọ́ mọ́. Mi ò tọ́ sí ẹni tó máa gbọ́ ọ.