Àwòrán Méjì Tí Ìyá Àgbà Kò Fẹ́ Kó Di Ọ̀kan

Ẹ sún mọ́ mi. Irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà náà. Mo ti ilé ìwé ní Àjàṣẹ́ dé sí Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, fún ìsinmi, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kún orí mi… ó kún jù.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní páálí kan tí àwòrán méjì wà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan dúró létí odò Òkpárá, ó ru ìkòkò. Ọmọbìnrin kan náà tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: Kẹ́hìndé ni, Táyé rẹ̀ sì ti kú kí òyìnbó ayàwòrán tó dé Ṣábẹ̀ẹ́. Òun nìkan ni wọ́n yà. Nígbà tí àlùfáà Àgùdà mú páálí náà ti Faransé dé, wọ́n ti di méjì. Kí ni ẹ̀yin ì bá rò? Ó ní, “Táyé wá dúró tì mí. Ẹ̀rọ òyìnbó rí i.” Bó bá se ẹ̀wà, abọ́ méjì ló ń gbé síwájú àwọn méjèèjì inú àwòrán náà.

Mo wádìí rẹ̀. Nínú àwòrán òsì, ìkòkò fara kan igi tó wà lẹ́yìn. Nínú tọ̀tún, àlàfo tó tó hóró àgbàdo wà láàárín wọn. Nígbà tí mo padà sí Àjàṣẹ́, mo ròyìn rẹ̀ fún olùkọ́ mi, ó sì ṣàlàyé: ilé iṣẹ́ kan ní Paríìsì ló ń tẹ irú rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹ̀rọ olójú méjì ni wọ́n fi ń yà á, ojú kọ̀ọ̀kan á ya tirẹ̀, wọ́n á tà á pẹ̀lú awò onígi tí ènìyàn ń gbé sójú. Nínú awò, méjì á di ọ̀kan, á yọ síta bí ohun tí ọwọ́ lè bà. Nígbà tí ọjà rẹ̀ kú, wọ́n ń gé e sí méjì, wọ́n ń tà á ní káàdì tí ènìyàn fi ń kí ará ọ̀nà jíjìn; ti Ìyá àgbà ni wọn kò gé.

Olùkọ́ yá mi ní awò. Ní ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo fi páálí náà sínú rẹ̀, mo gbé e fún Ìyá àgbà, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó já àlọ́. Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà lọ.

“Táyé dà?”

“Ìyá àgbà, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ojú méjì ni ẹ̀rọ náà ní.”

“Ojú méjì lèmi náà ní, ọkọ mi. Ṣé méjì ni mò ń rí ẹ?”

Mo ní ìdáhùn sí i. Ìdáhùn tó dájú… Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá nǹkan lẹ́yìn awò, mo sì gbé ìdáhùn náà mì. Mo yọ páálí náà fún un. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú ọmọ tòsì.

“Má fi wọ́n síbẹ̀ mọ́,” ó ní. “Ó há fún wọn.”

Lónìí, tẹlifóònù yín ń ya ọgọ́rùn-ún àwòrán kí oúnjẹ tó jinná, ẹ sì ń pa wọ́n rẹ́ kí a tó jẹun tán. Ó dáa. Ẹ kàwé, ẹ wádìí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rí fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò béèrè.