Kẹ̀kẹ́ Olóògbé Tí Mo Fi Irọ́ Rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ǹ bá gbé e lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ìpàdé àdúgbò wa ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n sì fẹ́ kí n wá jẹ́rìí lórí ohun tí èmi gan-an dá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ògì ni mo ń tà ní Àgbowó. Ọmọ-ọmọ mi, Àṣàbí, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Bódìjà, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀, nítorí owó ọkọ̀ ti ju agbára wa lọ. Tó bá dé, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á ní, "Màmá, ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi mọ́."

Ìyá Sàídì tó ń dín àkàrà ló ń gbé nílé kejì sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ilé kan, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kú sí. Mo wà nínú yàrá náà nígbà tí wọ́n pa ojú rẹ̀ dé.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, ìyàwó kó ẹrù tí mọ̀lẹ́bí fi sílẹ̀ fún un síta láti tà: fáànù, rédíò, bẹ́ẹ̀dì, àti kẹ̀kẹ́ náà. Iye tó dá lé kẹ̀kẹ́ kò tó nǹkan. Mo tẹ táyà wò, mo di bíréèkì mú, mo gbé ìdí rẹ̀ sókè, mo yí pẹ́dà. Ṣéènì ti dípẹtà díẹ̀, epo ló kàn fẹ́. Mo ní kí n lọ rò ó ná. Bí mo ṣe máa ń rajà nìyẹn, n kì í kánjú.

Kí n tó rò ó tán, Làmídì tó ń tún fóònù ṣe ti ná an. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò, ó ní òun yóò gbówó wá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti ná ọjà, tí olọ́jà sì ti gbà fún un, ẹlòmíràn kì í fowó lé e mọ́. Wọn á pè mí ní àgbàyà. Nítorí náà, n kò fowó lé e.

Mo pàdé Làmídì nídìí omi ẹ̀rọ. Mo ní, "Wọ́n ní o fẹ́ ra kẹ̀kẹ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ bá mi ṣàdúrà sí i."

Mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó gbé ọ re. Ṣé wọ́n sọ ibi tí Bàbá Sàídì kú sí fún ọ ṣá?"

"Ibo ló kú sí?"

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Pọn omi rẹ."

Ó gbé korobá kalẹ̀. "Màmá, ṣé orí kẹ̀kẹ́ náà ni?"

Mo kàn mirí, mo sì bá tèmi lọ.

Làmídì kò gbówó wá. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí Ìyá Sàídì tún dín in kù fún mi, ó sì dín in. Ó ń dúpẹ́ bí ẹni pé mo ta á lọ́rẹ. Láti ìgbà náà ni Àṣàbí ti ń gun kẹ̀kẹ́ náà lọ Bódìjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo rò pé orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà máa mọ sí. Kò mọ síbẹ̀. Wọ́n ní ojú títì ló ti ṣubú, pé òkú ni wọ́n gbé wálé, pé ìyàwó bò ó mọ́lẹ̀ kó lè rí ẹrù tà. Kò sẹ́ni tó ra fáànù, kò sẹ́ni tó ra bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, àwọn kan ò ra àkàrà rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó lè ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, kí ni kò lè fi sínú ẹ̀wà? Ní tèmi, wọ́n ní àgbàlagbà ni mí, pé mo mọ ohun tí mo fi fọ kẹ̀kẹ́ náà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Sàídì ń gbé àkàrà wá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sá fún mi, Ìyá." Mo ń jẹ ẹ́. Mo ń fi mu ẹ̀kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun ti mọ ẹni tó ba òun lórúkọ jẹ́: Làmídì ni. Ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ìpàdé. Ó fẹ́ kí n dìde níbẹ̀, kí n sọ pé ojú mi ni ọkọ òun ṣe kú. Ó ní, "Tí ẹ̀yin bá ti sọ ọ́, wọ́n á gbà." Làmídì kò tíì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Ó rí mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, mò ń retí yín ní Sátidé."

Àṣàbí ló ń bá mi kọ èyí, nítorí ìwé mi kò pọ̀. Àná la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìdí omi ẹ̀rọ, ó dáwọ́ dúró, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Màmá." Ẹsẹ̀ ló fi lọ Bódìjà láàárọ̀ yìí.

Mo máa sọ òótọ́, ìyẹn kọ́ ni mò ń bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Sàídì nínú ilé, kó má baà gbọ́ ọ lójú agbo? Àbí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbangba ni orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, gbangba náà ni kí n ti tún un ṣe? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ó máa tún gbé àkàrà wá.