Àfihàn Tí Kò Mu Epo

Mo fi ilẹ̀ tí mo tẹ̀ búra, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ara mi ló sì kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé n kò sí nílé nígbà tí wọ́n sin ìyá mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi rìn kiri, láti Kùmásí dé Kánò, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú mi sí ni mò ń sùn. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Èmi kò relé. Ìyá mi, amọ̀kòkò, kú, gbogbo rẹ̀ sì já lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin léjìká. Nígbà tí mo padà sí agboolé wa ní Ìrẹmọ, ní àwọn ọdún tí ènìyàn ń sun ilé epo mọ́jú nítorí gálọ́ọ̀nù kan, ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "O jí?" lọ.

Àsìkò náà ni agboolé fẹ́ ṣe àfihàn ìkòkò ìyá mi àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ìlú wá wò ó. Tíṣà kan, ọmọ ilé wa, ló ṣíwájú. Pákó, ọ̀dà, fáànù, jẹnẹrétọ̀, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, epo dà?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn dé ibi gbogbo, ẹ ṣe tiyín ká rí i." Àwọn ará ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí ìkòkò ìyá mi bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹrù rẹ ò ní sùn níbí."

Mo yan àgbàlá inú ilé, tí òrùlé rẹ̀ ṣí láàárín, kí oòrùn ṣe iná fún wa. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ṣe ìbòòji. Ẹní la yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, a ta á mọ́ ògiri. Amọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo fi mọ pèpéle tí ìkòkò yóò jókòó lé. A kò ra pákó kan. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ipele amọ̀ kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé èkejì lé e? Èmi ẹlẹ́sẹ̀ yíyá, ipele mẹ́ta ni mo gbé léra wọn lọ́jọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wó. Ọpẹ́ ni pé a kò tíì gbé ìkòkò sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, "Ògiri kì í bá ìsáǹsá sáré."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun. Mo da omi sí amọ̀ kan náà, mo tún un tẹ̀, mo mọ ipele kan, mo sì jókòó tì í. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò jókòó ti nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́ àfihàn, wọ́n wá láti Modákẹ́kẹ́, wọ́n wá láti Ẹdúnàbọ̀n. Lọ́sàn-án gangan, iná lọ ní gbogbo àdúgbò, a kò tilẹ̀ mọ̀. Alágbàfọ̀ òdìkejì tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ti tutù, tó wá fi ojú lóúnjẹ, ló sọ fún wa. Oòrùn bọ́ sórí orù ńlá, ìkòkò omi tí ìyá mi mọ, ojú ìka rẹ̀ lára amọ̀ sì hàn kedere. Ẹ̀gbọ́n mi ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá a mu. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún mi níṣojú èrò. Mo ti rìn jìnnà láyé, n kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó di pé ojú ìka ìyá yín nìkan ni ẹ óò bá nílé.

Nígbà tí èrò túká, a dá ẹní padà fún àwọn tó ni ín, mo wó pèpéle, mo kó amọ̀ rẹ̀ padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ó ní, "Lọ wẹ̀, kí o wá jẹun."

Mo ṣì ń tẹ́ amọ̀ náà sílẹ̀. Ó tún un sọ.

"Lọ wẹ̀, kí o wá jẹun."