Mo Yí Ìdáhùn Àlejò Padà Níwájú Onílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó sọ mí lókò. Ohun tí mo ṣe ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Mo ti pinnu láti dákẹ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n tún un ṣe.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ òwò ni mo kà ní yunifásítì, ohun tó sì wù mí jù níbẹ̀ ni bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń kúrò nílùú wọn lọ dókòwò nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n kọ́ wa pé ilé-iṣẹ́ kì í ṣàdédé gbéra. Òmíràn ń wá ọjà tó tóbi, òmíràn ń wá ohun èlò tàbí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń wọlé. Wọn á kọ́kọ́ fi ọjà ránṣẹ́, wọn á wá aṣojú tí yóò máa bá wọn tà á, nígbà tí ojú wọn bá ti mọ ilẹ̀ ni wọn á tó kọ́ ilé-iṣẹ́. Olùkọ́ wa fi kún un, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé àwọn kan wà tí wọn kò wá nǹkan kan rárá, òfin ìlú wọn ni wọ́n ń sá fún. A rẹ́rìn-ín, a kọjá lórí ìyẹn.

Mo jókòó sílé pẹ́ láìríṣẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan láti òkèèrè tó gbà mí. Ẹ̀tù àwọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ni wọ́n ń ṣe. Mo di aṣojú wọn ní Ṣàngó Ọ̀tà, mò ń gbé ọjà wọn lọ fún àwọn tó ń ta ọ̀dà. Ọjà náà tà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì gẹ́lẹ́ ló ń lọ, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá ọgbọ́n náà. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ dé láti wá ilẹ̀. Ó ní bí a bá rí ilẹ̀ gbà, èmi ni máníjà tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò.

Apá Itele la ti rí i. Ẹbí Baba Làmídì ló ni ilẹ̀ náà. Baba ni olórí ẹbí, àgbàlagbà ọmọ Àwórì tí kì í pariwo. Ẹbí yìí ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Kí wọ́n tó dárúkọ owó rárá, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ bi àlejò ní ohun tó lé e kúrò nílé. Ìdáhùn yẹn ni wọ́n máa ń wò. Baba sọ fún mi pé àwọn ti dá olówó padà rí nítorí ìdáhùn tí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Baba kọjú sí ọ̀gá mi. Ó ní, "Àlejò, kí ló lé ọ kúrò nílé bàbá rẹ?"

Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá yìí wúwo lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò yé àwọn ọmọ Baba tó kàwé pàápàá. Èmi tí mo ti bá a rìn nìkan ló yé. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún un, mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ó ní ìjọba àwọn kò jẹ́ kí àwọn ṣe ẹ̀tù yẹn nítòsí ibi tí èèyàn ń gbé mọ́, nítorí pé omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń wọ inú kànga. Ó ní níbí, ẹnikẹ́ni kò tíì bi àwọn nípa rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń sọ ọ́.

Gbogbo ẹbí ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Baba, ó ní òkìkí ọjà yín ló fa òun wá, òun sì fẹ́ kí àwọn ọmọ yín ríṣẹ́ ṣe."

Baba mirí pé ó dára, ó ní ẹni tí ọjà fà wá kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀.

Mo lè parọ́ fún yín pé ire àdúgbò ni mò ń rò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ipò máníjà ni ojú mi wà lára rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ dúró. Àwọn ọmọ Baba ríṣẹ́ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kí mi ní Ìyànà Ìyẹsí pé mo ṣeun. Lẹ́yìn náà ni omi kànga agboolé Baba yí adùn padà. Aṣọ funfun tí wọ́n bá fi omi náà fọ̀ ń pọ́n. Ewúrẹ́ wọn ń bí òkú ọmọ. Mo lọ bá ọ̀gá, ó ní iṣẹ́ mi ni láti fi àwọn èèyàn náà lọ́kàn balẹ̀. Mo sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní òjò ló fà á.

Sìkírá, ìyàwó ọmọkùnrin àbíkẹ́yìn Baba, lóyún, oyún náà bàjẹ́. N kì í ṣe dókítà, n kò lè búra pé omi náà ni. N kò sì lè búra pé òun kọ́. Ó ti tún lóyún báyìí.

Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí. Ó yan ẹ̀pà fún mi, mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ó wá bu omi kànga tẹ̀lé e. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, àwẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀pà wo lẹ wá ń jẹ lẹ́nu yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé omi náà mu fúnra rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó títí ó fi mu ún tán.

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbòòrò dé apá Ijoko. Ẹbí tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ Baba Làmídì bóyá èèyàn gidi ni wá. Baba ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ òun ló gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò náà. Èmi ni ọmọ tó ń wí. Ó ti bá mi gba ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ kí n lè wá túmọ̀ fún wọn.

Láti ìgbà náà wá, mo rò pé ọ̀gá mi kò mọ ohun tí mo ṣe. Lánàá ló pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní bí wọ́n bá béèrè ohun tó gbé òun wá, kí n dáhùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dáhùn ní Itele. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n máa gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Mo mọ̀ pé n ó sọ̀rọ̀. N kò mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ bá, Baba tó ń pè mí lọ́mọ, tàbí Sìkírá tó ń mu omi náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sì ní Sìkírá ni, ẹ bá mi wá èsì tí n ó fún un nígbà tó bá bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀.