Àádọ́jọ Tí Mo Sọ Di Mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, dókítà ò sì fi pamọ́ fún mi. Èmi Rangel, tí ẹ̀yin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú Plovdiv ń pè ní Baba Jáfà, èké ni mí.

Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, Drazhev ọ̀gá wa gba iṣẹ́ títa tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní Jáfà, èdè kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ jù, ni ká fi kọ ọ́. Vihra, akẹgbẹ́ mi tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù, ní PHP, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni. Ọ̀gá ní, "Ẹ má dí mi létí. Kí kálukú kọ tirẹ̀. Ní Jímọ̀, a ó da ẹgbẹ̀rún oníbàárà ayédèrú lé wọn lórí. Èyí tó bá dúró, olúwa rẹ̀ ló ń bá wa lọ. Ẹnì kan péré ni àyè rẹ̀ wà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "PHP! Ohun ìṣeré ọmọ iléèwé!"

Vihra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dé ojú agbo ná."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yọ́ dán méjèèjì wò. Tèmi ṣì ń mí hẹlẹ, ti Vihra ti dá gbogbo oníbàárà náà lóhùn tán. Jáfà ò burú o, èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi Jáfà yangàn. Ojú wo ni n ó fi wo ọ̀gá?

Láago méje àárọ̀ Jímọ̀, mo wọ ọ́fíìsì. Nọ́ńbà kan wà nínú ètò Vihra tó ń sọ iye èèyàn tí kọ̀ǹpútà lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àádọ́jọ ló kọ síbẹ̀. Mo sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Bí mo ṣe ń jáde, Vihra dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi. Ó da omi náà síwájú ẹsẹ̀ mi, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń lọ ṣèdánwò. Èmi tí a jọ ń díje! "Kí iṣẹ́ yín máa ṣàn bí omi yìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹni yòówù kó borí, kò síjà."

Mo ré omi náà kọjá. Wákàtí méjì ṣì wà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ tí mo lè fi padà lọ tún un ṣe. Banitsa, ìpanu oníwàrà, ni mo lọ jẹ, ọ̀dájú bíi tèmi.

Nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, tèmi ń wọ́ ṣùgbọ́n ó dúró; ti Vihra há pátápátá. Ó ní, "Kò yé mi. Lánàá ó ń sáré!"

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́, ọmọ mi."

Vihra wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Níbo ni mo ti ṣàṣìṣe?"

Ibi tó burú jù nìyí. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ní kó lọ bá mi bu omi wá. Kó tó dé, mo ti dá àádọ́jọ padà. Mo gba omi, mo mu ún, mo ní, "Ọwọ́ rẹ ni kò mọṣẹ́, Vihra. Kì í ṣe gbogbo èèyàn niṣẹ́ yìí wà fún."

Ó gbà mí gbọ́. Ó lọ sí Bologna nílẹ̀ òkèèrè, ó ń wẹ àwọn arúgbó. Kò kọ ìlà ètò kọ̀ǹpútà kan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì, kí ààwẹ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ọdọọdún ni Vihra ń pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Inú bí mi sí yín nígbà yẹn, torí pé ẹ borí mi." Èmi náà á dáhùn bí àgbà, "Ọlọ́run á dárí jì ọ́." Mo sá pamọ́ sábẹ́ ipò àgbà!

Lọ́dún yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ pè. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí léèrè:

"Àádọ́jọ ni mo kọ síbẹ̀?"

"Àádọ́jọ ni."

"Iṣẹ́ mi dáa nígbà náà?"

"Ó dáa ju tèmi lọ."

Ó bú sẹ́kún. "Ọwọ́ mi," ló ń wí ṣáá, "ọwọ́ mi yìí." Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń jiyàn lórí èyí tó dára jù, ẹ dán an wò pẹ̀lú òótọ́ inú. Bí wọ́n bá borí yín, ẹ gbà. Ẹ bá mi bẹ Vihra. Fóònù mi nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Kò tíì pè.